Ọjọ́ Tí Wọ́n Dá Oríkì Ẹ̀gbọ́n Mi Dúró

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé ohùn ìyá mi ni aago ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á ti gbálẹ̀ tán, á ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á máa retí ọmọ tó máa kọ́kọ́ jáde wá kí i. Bí ọmọ bá ti kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀, oríkì ni ìyá mi fi ń dá a lóhùn, kò sì ní dákẹ́ títí orí ọmọ náà yóò fi wú. Tèmi kì í pẹ́ tán. Èmi ni àbíkẹ́yìn, mo sì fura pé ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó bí mi. Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ àkọ́bí, ló gùn jù. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìdílé bàbá wa, àwọn tó ń fín igbá láti ìran dé ìran, gbogbo wa la sì jọ ni ín:

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ afọ̀bẹ-kọ̀wé-sára-igbá,
Ọmọ afíngbá fún Ṣàngó má bọ Ṣàngó,
Igbá fọ́, ọnà ara rẹ̀ ò fọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìyá mi máa ń wọ ibi tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi nìkan, èyí tí òun fúnra rẹ̀ hun, tó sì ń fi nǹkan kún lọ́dọọdún: bí wọ́n ṣe bí i nínú òjò, àìsàn tó ṣe é tí kò pa á, ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tó sè tó jóná. Ẹ̀gbọ́n mi á kúnlẹ̀ síbẹ̀, á dorí kodò, á máa rẹ́rìn-ín sínú. Èmi á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlara á máa mú mi, n kì í sì í fetí sílẹ̀ rárá. Ta ló ń fetí sí ohun tó ń gbọ́ lójoojúmọ́?

Onígbàgbọ́ paraku ni ìyá mi. Ọṣẹ dúdú ló ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, kò sí ẹni tó máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Àbúrò bàbá mi tí a jọ ń gbé agboolé jẹ́ Mùsùlùmí, àlùfáà ilé kéú ni. Oríkì kan náà ni òun àti ìyá mi fi ń kí àwọn ọmọ agboolé láàárọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó rò pé ọ̀ràn wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ pásítọ̀. Ì bá dára kí ẹ rí mi nígbà yẹn. Táì kì í kúrò lọ́rùn mi, àfi tí mo bá fẹ́ wẹ̀. Mo ti kọ́ Gíríìkì díẹ̀, mo sì gbà pé kò sí ẹ̀kọ́ òdì tó lè dúró níwájú ẹni tó mọ Gíríìkì. Bí mo bá wálé lọ́jọ́ Ẹtì, ìyá mi á bi mí pé, “Ṣé wọ́n ti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tu èèyàn nínú?” Màá ní kò tíì kàn án, pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọkùnrin tó da ìjọ wa rú kò hu ìwo lórí nígbà tó dé. Ohùn rẹ̀ tútù. Ó máa ń gbá inú ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an, ó máa ń pọn omi fún àwọn opó, bí ara ẹnì kan ò bá yá, òun ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ojú Bàbá Pásítọ̀ wa ti ń ṣú nígbà náà nítorí ọjọ́ orí, ni Bàbá bá fi ẹgbẹ́ alágbàdúrà lé e lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní Wòlíì. Èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, ó ní kí àwọn tí Ifá tàbí Ògún wà nínú orúkọ wọn pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó kan ilà ojú, ó ní kí àwọn àgbà tó kọlà jáde wá fún àdúrà ìdáǹdè, wọ́n sì jáde, títí kan àwọn tí wọ́n ti ń gba ara Olúwa kí wọ́n tó bí Wòlíì sáyé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri tiwa ti lanu tipẹ́. Ìṣòro pọ̀ nínú ìjọ tí ìwàásù wa kò kàn rárá, tí a kàn ń fi orin bò mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tí ìṣòro náà ń jẹ lára. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò sì tíì rọ́mọ bí. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe, aṣọ ìkómọ ló sì mọ̀ ọ́n rán jù ní gbogbo àdúgbò. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń rán aṣọ fún lójoojúmọ́, á na aṣọ náà sórí máṣínnì, á fi ọwọ́ pa á, á wá ká a fún ẹni tó ni ín. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn fi ìlà tuntun kún oríkì rẹ̀ lórí sùúrù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi sunkún lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni Wòlíì wá dé orí oríkì. Ìsinmi ilé-ìwé ni mo bá dé, ìyá mi náà wà níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì àwọn ìyá. Wòlíì ní, “Ẹ̀yin ará, okùn ni oríkì. Òun ni àwọn òkú ọ̀run fi so yín mọ́lẹ̀. Bí ìyá yín bá ti pè é láàárọ̀, wọ́n ti mọ ibi tí ẹ wà nìyẹn, wọ́n á wá gba ohun tí Ọlọ́run fún yín lóru.” Ó wo ẹ̀gbọ́n mi. “Arábìnrin, ẹ jáde wá. Kí ni wọ́n ń pè yín nílé?”

Ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ níwájú ìyá wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀. “Àbẹ̀kẹ́, ọmọ afọ̀bẹ-kọ̀wé-sára-igbá, ọmọ afíngbá fún Ṣàngó…”

Wòlíì nawọ́ sókè. “Ó tó! Ẹ ti gbọ́ ọ létí ara yín. Wọ́n fín igbá fún ta?”

Ìjọ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Fún Ṣàngó!”

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi láàárín ariwo náà. Ó ti dìde, ó ń sọ pé, “Má bọ Ṣàngó! Ó kù! Má bọ Ṣàngó ló parí ẹ̀!” Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti di ojú, wọ́n ń gbàdúrà kíkankíkan. Oníṣòwò ni àwọn bàbá ńlá wa. Ẹni tó bá ra igbá ni wọ́n ń fín in fún, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ sínú oríkì pé owó Ṣàngó ni àwọn gbà, àwọn ò forí balẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tó ń fọ́nnu pé ìdílé wa kò bọ òrìṣà ni Wòlíì gé sí méjì, tó fi ìdajì rẹ̀ dá wa lẹ́bi.

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo dìde, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó parí rẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí n jókòó, ṣùgbọ́n Wòlíì fúnra rẹ̀ ló ní, “Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa sọ̀rọ̀.” Mo sì sọ̀rọ̀. Háà, mo sọ̀rọ̀! Mo ṣàlàyé ìlà náà, mo ṣàlàyé ohun tí májẹ̀mú jẹ́, mo pe ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí èmi pàápàá kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pè é dáadáa. Àwọn àgbà ní òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Wòlíì dúró títí mo fi sọ tán, ó mi orí, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ẹ ṣeun, ọmọwé. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá fún ẹ̀gbọ́n yín lọ́mọ?”

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ó wò mí, bí ẹni pé lóòótọ́ ló ń retí ìdáhùn lẹ́nu mi. Mo wá gbólóhùn kan ní Gíríìkì, mo wá a ní Yorùbá, n ò rí i. Mo jókòó.

Àṣẹ tí Wòlíì pa fún un ni pé kò gbọ́dọ̀ dá oríkì yẹn lóhùn mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é, kó di etí, kó ní òun kọ̀ ọ́. Kò sì gbọ́dọ̀ wọ ilé tí wọ́n bá ti ń pè é. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá mi gbé ọbẹ̀ lọ fún un nílé ọkọ rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bó ṣe máa ń pè é. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó pariwo pé, “Mo kọ̀ ọ́! Mo kọ̀ ọ́!” Ìyá mi ní òun kọ́kọ́ rò pé eré ni, òun sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi lórí àpótí rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Kí ni kí n wá máa pè é?” ló bi mí. “Ṣé kí n máa pè é bí ẹni tí mo pàdé lọ́jà ni?” Ó nu ojú rẹ̀. “N ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Kó ṣáà dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kú. Ìyẹn náà ni mo fẹ́.”

Bàbá Pásítọ̀ pe ìpàdé àwọn àgbà ìjọ, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun wá. Kó tó di pé a wọlé, ó dì mí lápá mú. “Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò,” ló wí, “o ò ní Gíríìkì lónìí.” Òun fúnra rẹ̀ ló bá Wòlíì sọ̀rọ̀. Ó rán an létí bàbá arúgbó inú Májẹ̀mú Láéláé tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ nígbà tó ń kú lọ, tó sì ń fi ẹranko àti orísun omi yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Bí ìyẹn ò bá jẹ́ oríkì, kí la máa pè é?”

Wòlíì ní, “Bàbá, ìyẹn ò fíngbá fún òrìṣà.”

Bàbá Pásítọ̀ ní, “Ọmọ mi, ìyá tó ń súre fún ọmọ rẹ̀ ni o sọ di ọ̀tá. Ibi tí Olúwa ti ní ká bọ̀wọ̀ fún ìyá, o ní kí wọ́n di etí. Ẹ̀kọ́ yìí ò tọ̀dọ̀ ẹni tó rán wa wá. Dúró ná, jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.” Wòlíì ní òun kò lè dúró, pé àwọn àgàn kò lè dúró. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó jáde. Mo ti rí ìjà nínú ṣọ́ọ̀ṣì rí, tí wọ́n ń fa ara wọn láṣọ. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn bà mí lẹ́rù jù wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìde láàárín ìsìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìjọ, wọ́n sì ń kọrin jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n padà wá kó bẹ́ǹṣì. Ní ìjọ wa, ẹni tó bá fi bẹ́ǹṣì ta ìjọ lọ́rẹ máa ń kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ni kálukú bá wá tirẹ̀, ó gbé e. Tọkọtaya kan tí kò lọ síbì kan náà fi ayùn rẹ́ tiwọn sí méjì. Èmi àti Bàbá Pásítọ̀ dúró, a ń wò wọ́n. Bàbá ò rí wọn dáadáa, ariwo ayùn nìkan ló ń gbọ́. Ó ní, “Wọ́n ń rẹ́ kí ni?”

Wòlíì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gba gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn oríta Takie. Ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ kó tẹ̀ lé e, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sí tòsí ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe di ará ìlú kan náà tí a kì í ríra. Nígbà tí àìsàn dá ìyá wa dùbúlẹ̀, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní, “Àǹtí, ara Màmá ò yá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń béèrè.”

Kò dáwọ́ máṣínnì dúró. “Ṣé wọ́n ṣì ń pè é?”

“Láràárọ̀ ni. Wọ́n á kọjú sí ọ̀nà ilé tí ẹ ń gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n á pè é tán, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀.”

Ó wá dìde dúró, mo sì rí ikùn rẹ̀. Oyún náà ti dàgbà. Ayọ̀ àti ìbẹ̀rù kọlù mí pa pọ̀. “Ṣé o rí i?” ló wí. “Ṣé o ti rí i báyìí? Tí mo bá dé ibẹ̀, tí wọ́n pè mí, tí nǹkan sì ṣe oyún yìí, ṣé wàá lè dá a padà fún mi?” Ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Kò kórìíra ìyá wa, ẹ̀rù ló ń bà á, n ò sì lè fi ẹnu bá oyún jiyàn. Kí n tó lọ, ó yọ bùbá tuntun kan lábẹ́ tábìlì, ó ní òun ti rán an fún Màmá tipẹ́, pé kí n bá òun gbé e fún wọn.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, ó gbé bùbá náà lé àyà, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Ó wá ní, “Bó bá jẹ́ ọkùnrin, Àkànní ni. Bó bá jẹ́ obìnrin, Àjíkẹ́. Má tíì sọ ọ́ fún un o, kí ẹ̀rù má baà bà á. Ọjọ́ tó bá béèrè ni kí o sọ ọ́.” Ẹ̀gbọ́n mi bí obìnrin. Wọn kò gbé ọmọ náà wá, ìyá mi sì kú láìfojú kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré yẹn.

Bùbá yẹn la fi sin ín. Ìdajì ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni kò wá, àwọn tí wọ́n ti jọ wọ aṣọ kan náà láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Nítorí pé wọ́n ti kó bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì lọ, àbúrò bàbá mi ní kí wọ́n kó tilé kéú wá, orí bẹ́ǹṣì àwọn Mùsùlùmí ni àwọn Onígbàgbọ́ jókòó sí láti kọrin ìsìnkú. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ń ta mí létí bí mo ṣe ń wo ọ̀nà. Ìgbà náà ni mo rí ẹ̀gbọ́n mi ní òdìkejì títì, àwọn obìnrin méjì láti ìjọ wọn dúró tì í, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ dání. Nígbà tí àwọn ìyá arúgbó agboolé bẹ̀rẹ̀ oríkì òkú, ó gbé etí ọmọ náà kan ti àyà rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí kejì. Etí tirẹ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kì í tán, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìjọ Wòlíì náà kò pẹ́ kó tó pín. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ rí ẹ̀kọ́ tó tún le ju tirẹ̀ lọ, ó kó àwọn tirẹ̀ lọ, òmíràn tún pín lára ìyẹn. Wọ́n ní Wòlíì ti kúrò nílùú. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ fún mi rí pé òun ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mo kàn rí i lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní ìjọ kékeré tí mo ń bójú tó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, òun àti ọmọ rẹ̀. Mo ti kọ́ ìtùnú díẹ̀ nígbà yẹn. N ò bi í ní nǹkan kan.

Àìpẹ́ yìí, tíṣà Yorùbá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí gbogbo ọmọ kíláàsì wọn wá sọ oríkì wọn. Ẹ̀gbọ́n mi mú ọmọ náà wá sí pálọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ojú ń tì í. Ó ní, “Àbúrò mi, ọmọ yìí ò ní oríkì. Ìyá ọkọ mi ti kú, èmi ò sì… Ṣé o lè bá wa wá ọ̀kan?”

Mo ní, “Ó ní in. Àjíkẹ́ ni. Màmá ló sọ ọ́, kí ẹ tó bí i.” Ọmọ náà tún un pè fún ara rẹ̀ pé, “Àjíkẹ́,” ó rẹ́rìn-ín, ó sì sá jáde lọ ṣeré. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan.

“Tèmi ńkọ́?” ló wí.

Mo bẹ̀rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ afọ̀bẹ-kọ̀wé-sára-igbá. Ọmọ afíngbá fún Ṣàngó má bọ Ṣàngó. Igbá fọ́, ọnà ara rẹ̀ ò fọ́. Ó ti kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi, bẹ́ẹ̀ èmi ni àbúrò. Ibẹ̀ ni mo dúró. Ó ní, “Ó kù. Màmá kì í dúró níbẹ̀.” Mo mọ̀ pé ó kù. Mo rántí pé òjò wà níbẹ̀, pé ọbẹ̀ tó jóná wà níbẹ̀, pé sùúrù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n ò rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí ìyá wa ṣe tò ó. Mo pe àbúrò bàbá wa lórí fóònù ní Ọ̀yọ́. Ó ní ti ìdílé nìkan ni òun mọ̀, pé èyí tó kù, ti ẹnu ìyá wa ni, ó sì ti bá ìyá wa lọ.

Èmi náà ti ń wàásù tipẹ́ báyìí, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi ẹ̀kọ́ òdì tó fi èyí sílẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi mí bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀, n kì í pe Gíríìkì mọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n wo ẹni tí ẹ̀kọ́ náà ní kí wọ́n di etí sí. Ní àárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, màá sọ ìlà mẹ́ta yẹn fún un. Ó máa ń dáhùn. Lẹ́yìn náà á dákẹ́, á máa retí ìyókù, èmi náà á dákẹ́ lọ́dọ̀ mi, títí Àjíkẹ́ yóò fi jí wá kí i.